Ẹ má pe ilé kíkọ́ ní ìdàgbàsókè: èsì sí àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá fún ọ́fíìsì pláànù

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé kí a bá ẹni tó ń kọ ìwé pẹlẹbẹ fún àwọn tó ń kọ́lé wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ ọ́fíìsì pláànù: ìwé tí wọ́n ń gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ láàárín ilé àti ojú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ tó ń wá yẹ ilé wò, àti ilẹ̀ tí ìjọba ti sọ ohun tí a lè fi í ṣe. Àbá tó ti wá ni "ìwé ìyọ̀ǹda ìdàgbàsókè", "ìfàsẹ́yìn", "alákòóso ìdàgbàsókè" àti "ìpín ilẹ̀". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó mú wọn wá, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó sì dùn mí jù ni "ìdàgbàsókè".

Nínú òfin ìṣètò ìlú àti agbègbè tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 1992, ohun tí wọ́n ń pè ní development kì í ṣe kí ìlú gòkè àgbà. Ilé kíkọ́ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ẹnjinníà wà níbẹ̀, ìwakùsà wà níbẹ̀, ilé wíwó, igi gígé àti pátákó ìpolówó wà níbẹ̀. Ó tún kan kí a yí ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe padà. Ẹ wá fi "ìdàgbàsókè" lé gbogbo èyí lórí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó lọ gba ìyọ̀ǹda ìdàgbàsókè yóò béèrè pé ta ni kò fẹ́ kí òun dàgbà. Ẹni tó bá gbọ́ pé alákòóso ìdàgbàsókè ń bọ̀ ládùúgbò yóò múra sílẹ̀ de owó ìrànwọ́. Kò sí ẹni tí yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà kan ìyá tó lu ògiri pálọ̀ kó lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, tàbí baba onílé tó sọ fúláàtì méjì di ilé ẹ̀kọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń pani lára gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé gbígbé ni, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì bá a lọ. Ọ̀rọ̀ kọ́ ló wó ilé náà. Síbẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí kò bá jẹ́ kó yé onílé pé sísọ ilé gbígbé di ilé ẹ̀kọ́ nílò ìwé tuntun kò tíì ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Àbá tèmi ni "iṣẹ́ orí ilẹ̀" fún development inú òfin yìí, kí a sì dárúkọ "àyípadà ìlò" gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a má fi pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ kankan.

Ní ti "ìyọ̀ǹda", ó ní ojúrere nínú. Ẹni tó yọ̀ǹda fún ọ lè má yọ̀ǹda, o ò sì lè bá a jà. Ìwé yìí kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí pláànù rẹ̀ bá òfin mu, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì kọ̀ fún un, òfin ní kí wọ́n sọ ìdí. "Ìwé àṣẹ" ni àwa tí a ń gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ti mọ̀. "Ìwé àṣẹ ìkọ́lé" tó fún ilé. Bí a bá fẹ́ èyí tó gbòòrò, "ìwé àṣẹ iṣẹ́ orí ilẹ̀".

Ẹnìkan ní kí a kúkú pè é ní "ìwé àṣẹ ìlò ilẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gba ibẹ̀ lọ. Òfin ìlò ilẹ̀ 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ló sì dá lé. Owó kan tún wà tí wọ́n ń gbà lórí ilé ní Èkó lọ́dọọdún tó ń jẹ́ Land Use Charge. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbà pé bí C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, bá ti wà lọ́wọ́, kò kù ju kí bíríkìlà kó dé. Bí a bá fi "ìlò ilẹ̀" pe ìwé ìkọ́lé pẹ̀lú, àṣìṣe yẹn ni a tún rì mọ́lẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó yẹ ká ṣọ́, kí a má fi pe ìwé àṣẹ yìí, ni "ìwé kánsù". Òfin 1992 fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ ìṣètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2003 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú. Ní Èkó lónìí, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ méjì ló wà nídìí rẹ̀: LASPPPA ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ, LASBCA ló ń yẹ iṣẹ́ wò bó ṣe ń gòkè. Orúkọ ọ̀nà àti òpópónà àti nọ́ńbà ojúlé ni ìwé òfin 1999 kọ sílẹ̀ fún kánsù. Nítorí náà, rìsíìtì kánsù kì í ṣe ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ó sì yẹ kí ìwé pẹlẹbẹ náà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìfàsẹ́yìn" ńkọ́? Àdúrà la fi ń lé e. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ẹ fi ìfàsẹ́yìn mítà mẹ́ta sílẹ̀", ẹ ó gbọ́ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". "Àlàfo" ni mo fara mọ́: àlàfo iwájú ilé, àlàfo ẹ̀gbẹ́, àlàfo ẹ̀yìn. Kí a sì yà á kúrò lára "ilẹ̀ ọ̀nà", ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba fi sílẹ̀ fún ojú ọ̀nà. Onílé ló ni àlàfo, àmọ́ kò gbọdọ̀ kọ́lé sí i. Ilẹ̀ ọ̀nà kì í ṣe tirẹ̀ rárá. Ti òpópónà ìjọba àpapọ̀ jẹ́ mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Fún òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ilé wò, kí ló dé tí a ń wá "alákòóso" kiri? Àwọn baba wa rí òyìnbó tó ń rán ènìyàn wá yẹ àmù wò nítorí tanwíji, wọ́n pè wọ́n ní wolé-wolé. Wọ́n rí àwọn tó ń fi ṣéènì wọn ilẹ̀, wọ́n pè wọ́n ní wọnlẹ̀-wọnlẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lé e, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ. "Wolé-wolé ìkọ́lé" yóò yé ìyá mi láìsí àlàyé. Àmọ́ àmì ohùn di dandan níbí o: ẹ gbàgbé ẹ, wolé-wolé lè di wólé-wólé lójú ẹni tó ń kà á, ẹ̀rù katakata ni yóò sì rò pé ó ń bọ̀ wá bá òun.

"Ìpín ilẹ̀" kò lè ṣiṣẹ́, nítorí ìpínlẹ̀ ti gbà á, ohun tí ọmọ bàbá kan náà sì ń ṣe lẹ́yìn ìsìnkú náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ lo "ìyàsọ́tọ̀ ilẹ̀": ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ilé gbígbé, fún ọjà, fún ilé iṣẹ́. Ní ti ilẹ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ ẹbí, tí ẹnìkan ń pè ní "ìgbalẹ̀", àwọn eégún ti ni igbàlẹ̀ tipẹ́. Gbogbo wa la ń sọ pé ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀, tí wọ́n bá sì dá a padà fún abúlé, a ní wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tó kù láti ṣẹ̀dá níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ọ́fíìsì, kí ni àwọn tó ń kọ́lé lọ́dọ̀ yín ń pe ìwé àṣẹ yìí lẹ́nu? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ kí a tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ ìwé.