Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ṣé a lè mú ọmọ ọdún 9 lọ sí igbó Nouabalé-Ndoki?

Baba Tóbi:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ìyàwó mi ti ń tu owó jọ láti lọ sí ọgbà igbó Nouabalé-Ndoki ní àríwá Kóńgò. Ti Brazzaville ni o, kì í ṣe ti Kinshasa. Gọ̀rílà la fẹ́ fojú rí. Ìyàwó mi ní a ò gbọdọ̀ fi Tóbi sílẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni, ara rẹ̀ le, kì í sunkún ìrìn. Ẹ̀rù ń ba èmi. Ọ̀sẹ̀ kan péré la ní, a sì fẹ́ dé Mbeli, ká dé Mondika, níbi tí wọ́n ti ń wo gọ̀rílà, ká tún rí erin. Ṣé ó ṣeé ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Arìnkiri:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Baba Tóbi. Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé àwòrán Kẹ́ńyà, níbi tí kìnnìún ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Igbó kìjikìji ò rí bẹ́ẹ̀. Erin lè dúró nítòsí yín kó jẹ́ pé ewé tó ń mì nìkan lẹ máa rí. Ẹni tó bá lọ ka iye ẹranko, inú ló máa bí i bọ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Mbeli. Igbó là sílẹ̀ níbẹ̀, ó di àbàtà gbalasa, gọ̀rílà àti erin á sì jáde wá jẹ koríko inú omi. Pẹpẹ onígi kan wà létí rẹ̀ tí èèyàn ń jókòó sí. Láti 1995 làwọn olùṣèwádìí ti ń ṣọ́ ibẹ̀, tí wọ́n ń dá gọ̀rílà kọ̀ọ̀kan mọ̀ lójú. Ẹ lè jókòó láàárọ̀ kó jẹ́ odídẹrẹ́ nìkan ló ń fò kọjá. Kó tó dìrọ̀lẹ́, akọ gọ̀rílà kan á yọ pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ. Ẹni tí kò bá lè jókòó kò ní rí i.

Ti Mondika yàtọ̀. Gọ̀rílà ibẹ̀ ti mojú èèyàn, ẹsẹ̀ lẹ ó fi tọ̀ wọ́n lọ, àwọn Baaka, ẹ̀yà ọmọ igbó tó mọ ipasẹ̀ ẹranko, ló sì ń ṣíwájú. Ẹ máa la omi àbàtà kọjá kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Apá Djéké ló wà, èyí tí ìjọba Kóńgò fi kún ọgbà náà ní 2023.

Ọmọ Ọdẹ:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ kan yẹn kéré. Ẹ ó kọ́kọ́ dé Ouesso láti Brazzaville, kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí odò Sangha lọ sí Bomassa, níbi tí olú-ibùdó ọgbà wà. Àlọ àtàbọ̀ ti jẹ nínú ọjọ́ yín nìyẹn, ká má tíì sọ tòjò. Ẹ fi ọjọ́ kún un, tàbí kẹ́ ẹ yọ ibì kan kúrò.

Gọ̀rílà kọ́ lẹ̀rù mi o, erin ni. Bí amọ̀nà bá dúró, ẹ dúró. Bó bá ní ẹ padà, ẹ má béèrè ìdí. Kámẹ́rà ló ń sọ èèyàn di akọni òjijì.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn fẹ́lẹ́ tó tètè ń gbẹ, kẹ́ ẹ sì ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Ìjàlọ ò mọ àlejò! Oyin kéékèèké kan tún wà tí kì í ta, àmọ́ òógùn ojú èèyàn ni wọ́n ń lá, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹ lójú. Ẹ fi ọ̀rá di gbogbo ohun tómi lè bà jẹ́. Owó sẹfà ni kẹ́ ẹ mú lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ. Gbogbo yín ń wo ohun tí igbó lè fi ṣe ọmọ, ẹ ò wo ohun tí ọmọ lè fi ṣe gọ̀rílà. Ọ̀fìnkìn tí ọmọ yín kó níléèwé, tó máa lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, lè pa wọ́n. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, kòkòrò àìsàn tó wá láti ara èèyàn ló kó sí chimpanzee, ìbátan gọ̀rílà, lẹ́dọ̀fóró tó sì pa nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó, fi ní kéèyàn jìnnà sí wọn ní mítà 7 ó kéré tán, kó sì fi nǹkan bo imú àti ẹnu. Rwanda kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 lọ́dọ̀ gọ̀rílà rárá. Ẹ béèrè òfin ọjọ́ orí lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ọgbà náà kẹ́ ẹ tó sanwó.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 kí káàdì rẹ̀ tó ṣiṣẹ́. Ẹ sì lọ bá dókítà fún oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn. Ẹ má sọ pé ibà ti mọ̀ yín lójú.

Ìyá Ìbejì:
Nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni ti Mondika. Àmọ́ orí pẹpẹ Mbeli jìnnà sí gọ̀rílà, kí ló dé tí ọmọ ò lè débẹ̀? Kìkì pé mo ń wo àwọn tèmi, mi ò rí èyí tó máa dákẹ́ lórí pẹpẹ fún wákàtí kan. Baba Tóbi, ṣé ọmọ yẹn gan-an ló fẹ́ lọ, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó lọ?

Baba Tóbi:
Ìyá Ìbejì, ẹ mú mi. A ò tíì bi í. A bi í báyìí, ó ní ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Yóò wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyàwó mi ní ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì ló gbà, kì í ṣe tèmi. Ìjà tó kù ni pé Mondika lòun fẹ́, èmi sì fẹ́ Mbeli.

Arìnkiri:
Ẹ tẹ̀ lé ìyàwó yín lọ sí Mondika ṣáájú, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ tó kù jókòó ní Mbeli. Ẹ ò dá Nọ́ọ̀sì lóhùn lórí káàdì o.

Baba Tóbi:
Tèmi wà. Tìyàwó mi là ń wá nínú àpótí láti àárọ̀.