Iná fọ́-wíìlì ń tàn, táyà iwájú kò fà: ibo ni agbára ti já?

Ìbéèrè, láti Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Pikọ́ọ̀pù àwọn ọdún 1990 ni, ó ní ọ̀pá gíà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà ńlá, họ́ọ̀bù iwájú (àárín táyà) sì ní nǹkan róbótó tí wọ́n kọ FREE àti LOCK sí. Tí a bá fà á sí H4 (fọ́-wíìlì), iná 4WD á tàn, àmọ́ nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ọ̀nà oko kòkó, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Mẹkáníìkì kan ní transfer (àpótí tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) ló kú, ká lọ ra tòkunbọ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Awakọ̀, Owena

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ yí róbótó yẹn sí LOCK, lápá méjèèjì? Ẹ má bínú pé mo bèèrè. Ọ̀pọ̀ ló ń ra ọkọ̀ tí ẹni tó tà á kò ṣàlàyé èyí fún wọn. Bí ẹ fa gíà kékeré títí di ọ̀la, tí họ́ọ̀bù bá wà ní FREE, táyà iwájú kò ní fà.

Ìbéèrè, láti Ìdànrè

A yí méjèèjì sí LOCK, ẹ̀gbọ́n. Ti apá ọ̀tún le díẹ̀ láti yí.

Mẹkáníìkì, Ọ̀bà-Ilé

Ẹ má tíì ra ohunkóhun. Iná yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Swíìṣì kan lára transfer ló ń tàn án: bí ọ̀pá inú transfer bá ti rìn dé àyè rẹ̀, iná á tàn, ì báà jẹ́ pé kò sí ohun tó so táyà iwájú mọ́ ọn. Láti transfer, agbára gba pùròpẹ́là iwájú (ọ̀pá gígùn abẹ́ ọkọ̀), ó wọ differential iwájú (èyí tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì), ó gba ṣáàfù méjèèjì jáde sí họ́ọ̀bù. Ẹ wá ibi tó ti já kí ẹ tó tú nǹkan kan.

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fà á sí H4, ẹ wà á síwájú ní ìwọ̀nba mítà méjì kí eyín lè wọnú ara wọn, ẹ wá pa ẹ́ńjìnnì. Gíà ńlá ní neutral, bíréèkì ọwọ́ ní fífà, igi tàbí òkúta níwájú àti lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan ṣoṣo, kí ẹ sì ti stand bọ abẹ́ férémù. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Ẹ di pùròpẹ́là iwájú mú, kí ẹ fẹ́ yí i. Bó bá kàn mì díẹ̀ tó sì há, transfer yín ń ṣiṣẹ́, ẹni tó dá a lẹ́jọ́ ikú kò tíì wò ó. Bó bá ń yí gbirigbiri, ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ transfer tàbí ọ̀pá tó ń fà á.

Bó bá há, ẹ yí táyà tó wà lókè, kí ẹlòmíràn máa wo ṣáàfù láti abẹ́. Bí táyà bá ń yí tí ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró, họ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kò mú. Bí táyà àti ṣáàfù rẹ̀ bá jọ ń yí, tí ṣáàfù òdìkejì náà ń yí nígbà tí táyà rẹ̀ wà nílẹ̀ gbọn-in, họ́ọ̀bù òdìkejì ni. Bí táyà bá kọ̀ láti yí, gbogbo rẹ̀ ló mú.

Kò dìgbà tí họ́ọ̀bù méjèèjì bá bàjẹ́. Ọ̀kan péré tó kọ̀ ti tó, torí differential á da agbára sí ẹ̀gbẹ́ tó ń yí lófo, èyí tó dára náà á wá dúró láìwúlò.

Réwáyà, Ọyẹ́mẹ́kùn

Ọ̀gá ti sọ ti họ́ọ̀bù afọwọ́yí. Kí ẹni tí họ́ọ̀bù tirẹ̀ kò ní róbótó kankan wo tèmi. Ọ̀pọ̀ L200 (Mitsubishi) àtijọ́ àti Hilux tó ní ADD (ìdè iwájú tó ń so tó sì ń tú fúnra rẹ̀), inú ilé differential iwájú ni ìdè wọn wà. Ṣáàfù ẹ̀gbẹ́ kan pín sí méjì níbẹ̀, fọ́ọ̀kì kan sì ń ti òrùka eléyín láti so wọ́n pọ̀. Ohun tó ń ti fọ́ọ̀kì yẹn ló sábà máa ń kú, kì í ṣe fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀.

Lára L200 àtijọ́, vacuum (agbára fífa atẹ́gùn) ló ń ṣe é. Tí iná bá ń ṣẹ́jú tí kò dúró, ó túmọ̀ sí pé transfer ti wọlé, iwájú ni kò tíì dáhùn. Rọ́bà méjì ló dé ibi tó ń ti fọ́ọ̀kì: ọ̀kan ń fà nígbà tí ọkọ̀ wà ní two-wheel, èkejì ń fà ní fọ́-wíìlì. Ẹ fi àmì sí wọn kí ẹ tó yọ wọ́n, torí bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, iṣẹ́ á dojú rú. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ìka dí ẹnu èyí tó jẹ́ ti fọ́-wíìlì, kí ẹnìkan fà á sí 4H (H4 ti L200). Rọ́bà gbọ́dọ̀ fa ìka yín mọ́ra.

Tí kò bá fà, ẹ máa tọ ọ̀nà padà. Ẹnu rọ́bà máa ń gan, á sì ya níbi tó ti wọ irin. Bó bá gùn tó, ẹ gé sẹ̀ǹtímítà kan kúrò, ẹ tì í padà. Ẹ má fi rọ́bà dírípù ilé ìwòsàn dípò rẹ̀: ooru ẹ́ńjìnnì á mú kó rọ̀, vacuum á sì fà á pọ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo check valve, ó gbọ́dọ̀ gba atẹ́gùn lápá kan ṣoṣo. Solenoid (fáàfù oníná tó ń ṣí vacuum) wá kù: ẹ fún un ní volt 12, ẹ gbọ́ bóyá ó dún “kọ́”. Ní orí mítà, láàrin ohm 30 sí 50 ló yẹ kó kà. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan, wáyà inú rẹ̀ ti já.

Bí vacuum bá dé ibẹ̀ tí fọ́ọ̀kì kò sì rìn, ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa ibẹ̀ dé ínṣì 20 lójú mítà rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń sọ̀ kalẹ̀, awọ inú rẹ̀ ti ya.

Hilux 2005 sí 2015 tó ní ADD kò lo vacuum, mọ́tò kékeré ló ń ti tirẹ̀. Fíúsì ni ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ fà á sí H4, kí ẹnìkan fetí sí abẹ́ iwájú. Bí ẹ ò bá gbọ́ kó kùn, ẹ fi tẹ́sítà wò ó bóyá iná dé ẹnu soketi rẹ̀. Bí iná bá dé, ẹ tú mọ́tò: omi àti ẹrẹ̀ ló ń wọlé, ojú bàbà inú rẹ̀ á dípẹtà. Ẹ fi sandpaper kíkúnná nu ún, kí ẹ sì fi sílíkóònì dí ẹnu rẹ̀ dáadáa.

Awakọ̀, Owena

Ṣé a kò lè kúkú ti fọ́ọ̀kì yẹn wọlé pátápátá ká gbàgbé rẹ̀?

Réwáyà, Ọyẹ́mẹ́kùn

Ẹ lè ṣe é láti fi jáde nínú oko. Pùròpẹ́là iwájú á kàn máa yí nígbà gbogbo, epo á sì lọ díẹ̀ sí i, níwọ̀n ìgbà tí gíà kékeré bá wà ní H2 (two-wheel). Àmọ́ èmi ò ní fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Mẹkáníìkì, Ondo

Díẹ̀ lórí transfer. Bí ọ̀pá gíà kékeré bá ń fì kiri lọ́wọ́, ẹ wo ike tó gba ìdí rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé eyín jẹ. Ike yẹn máa ń jẹ tán, ọ̀pá á rìn, inú kò ní rìn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ wo ọ́ìlì náà. Nọ́ọ̀tì òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti da ọ́ìlì nù kó tó mọ̀ pé ti òkè kò tú, ọkọ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan mọ́ nìyẹn. Ọ́ìlì tó funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́.

Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ti iwájú bá kéré sí ti ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ á máa fa ara wọn, gíà kékeré á há sí H4. Bó bá há, ẹ rẹ́fáàsì mítà díẹ̀, ẹ wá fà á.

Ìbéèrè, láti Ìdànrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. A ti gbé e. Pùròpẹ́là há. Táyà ọ̀tún ń yí, ṣáàfù rẹ̀ dúró.

Mẹkáníìkì, Ọ̀bà-Ilé

Họ́ọ̀bù ọ̀tún ni, èyí tí ẹ ní ó le láti yí. Bó bá jẹ́ họ́ọ̀bù tí ilé iṣẹ́ Aisin ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ Hilux ìgbà yẹn, ẹ yí róbótó sí FREE, ẹ fi spánà 10 tú bóòtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó di ìdérí. Ẹ ó bá gírísì tó ti gan tàbí ìpẹtà. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ wo bóyá spring kò ṣẹ́, eyín kò jẹ, òrùka sì ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ fàlàlà. Ẹ fi gírísì tín-ín-rín pa á lójú. Ẹ má kì í kún, torí gírísì tó pọ̀ ló ń mú òrùka há.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ara họ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀tì mẹ́fà ni, spánà 12, wọ́ṣà onígun sì wà lábẹ́ wọn tí kì í fẹ́ jáde. Ẹ fi òòlù bàbà gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́ṣà á fò jáde. Nígbà ìdápadà, Nm 31 (ìwọ̀n agbára fífún nọ́ọ̀tì) ni fún nọ́ọ̀tì wọ̀nyí, Nm 10 péré fún bóòtì ìdérí. Ẹni tó bá fi agídí fà á á gé e sínú.

Róbótó gbọ́dọ̀ wà ní FREE nígbà tí ẹ bá ń dá ìdérí padà. Bó bá wà ní LOCK, ẹ ó tẹ etí inú rẹ̀. Gaskẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí ẹ lò. Ọwọ́ lásán ni a fi ń yí róbótó, kì í ṣe páláyà.

Orí ilẹ̀ pupa ni kí ẹ ti dán an wò, kì í ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ondo. Bí eyín bá sì ti jẹ tí ẹ ní láti ra tòkunbọ̀, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ dání lọ, kí ẹ ka eyín inú méjèèjì kí ẹ tó sanwó.