Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ tí àgbá rẹ̀ ń há: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n gbé e tì?

Olùbéèrè, Houston
Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, mo kí yín o. Bàbá ìyàwó mi, tí ó ṣiṣẹ́ wọ́dà níhìn-ín ní Texas kí ó tó fẹ̀yìn tì, fi ìbọn ìléwọ́ alágbá yíyí kan sílẹ̀ fún wa, èyí tí ń gba ọta .38 Special mẹ́fà. Àgbá rẹ̀ máa ń há nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ ṣí i. Òòlù rẹ̀ a bà lé ọta, ọta náà kò sì ní dún. Ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pápá ìdánrawò tún sọ pé nǹkan wínníwínní ń ta bá òun lójú. Ìbọn yìí ni a fi ń ṣọ́lé. Ṣé ó ṣì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ìdáhùn láti Dallas
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ọta inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì yẹ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò. Ní ti àgbá tí ń há, ìdọ̀tí ni mo ń fura sí, nítorí ẹ̀tù tí kò jóná tán máa ń kó sábẹ́ irin bí ìràwọ̀ tí ń ti èèpo ọta jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti mú kí àgbá le. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀ tí kò sì yí padà, ẹ wò bóyá ọ̀pá tí a fi ń ti èèpo náà ti ń tú, torí bí ó bá tú, yóò gùn ju bí ó ti yẹ lọ, àgbá kò sì ní ṣí. Ẹ má kàn fi púláyà yí i o: ní nǹkan bí 1961 ni ilé iṣẹ́ ìbọn Smith & Wesson sọ ìdè ọ̀pá náà di èyí tí a ń yí sí òsì.

Ìdáhùn láti Maryland
Ẹ wo ìdí ọta tí kò dún. Bí àmì tí òòlù fi síbẹ̀ kò bá jìn, sípíríǹgì ni kò lágbára mọ́, tàbí kí ẹnìkan ti tú súkúrù iwájú èèkù díẹ̀ kí ìbọn lè rọrùn láti fà. Bí àmì bá jìn, ẹ pààrọ̀ ọta. Ọkàn mi balẹ̀ sí irú ìbọn yìí, nítorí bí ọta kan bá kọ̀, ẹ ó kàn tún un fà ni, òmíràn yóò sì bọ́ sípò.

Ìdáhùn láti Atlanta (alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ti fẹ̀yìn tì)
Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n ọta nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Bí irin inú rẹ̀ bá jẹ, kò sí iye ìgbà tí ẹ lè fà á tí yóò tún un ṣe.

Nǹkan wínníwínní tí ń ta yẹn ló kó mi lọ́kàn sókè jù. Ó ṣeé ṣe kí ihò àgbá má dojú kọ ọ̀pá ìbọn dáadáa nígbà tí ọta bá jáde, kí etí ọ̀pá náà sì máa fá òjé kúrò lára ọta. Ẹ fi èèpo òfìfo sínú gbogbo ihò, nítorí láìsí wọn irin ìràwọ̀ náà lè máa mì, kí ìdánwò sì ṣì yín lọ́nà. Ẹ rọra fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn, kí ẹ sì fi ìka kejì dá àgbá dúró díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ tì kí òòlù tó dé òpin. Èyí tí kò bá tì, ìka irin tí ń ti àgbá yí ni ó ti jẹ, tàbí eyín àgbá tí ìka irin náà ń tì. Títí ẹ ó fi mọ̀, ẹ má ṣe yìn ín mọ́.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti dán an wò: ihò méjì ni kò tì.

Ìdáhùn láti Atlanta
Ẹ fi ẹfun sàmì sí méjèèjì, kí ẹ sì gbé e tọ alágbẹ̀dẹ ìbọn lọ láìsí ọta nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìka irin tuntun tí ó nípọn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ ni yóò tán an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ojú ibi tí àgbá ti ń tì ni ó ti fẹ̀, owó rẹ̀ lè ju iye tí ìbọn náà tọ́ sí lọ. Nígbà náà, ẹ fi í ṣe ohun ìrántí bàbá ìyàwó yín, kí ẹ sì wá òmíràn tí ẹ ó máa fi ṣọ́lé.