Àpáta Apophis tí yóò kọjá nítòsí ilẹ̀ ayé ní 2029: kí ni yóò ṣe fún wa?

Ọmọ Òmù-Àrán
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Wọ́n ń sọ ọ́ kiri ládùúgbò wa pé àpáta ńlá kan láti òfuurufú yóò kọjá nítòsí wa ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029. Àwọn kan ní ilẹ̀ yóò mì, àwọn mìíràn ní òkun yóò kún bo Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ohun tí kò balẹ̀ lè ṣe fún ẹni tó wà nílẹ̀?

Olùkọ́ Ọ̀fà
Òótọ́ ni pé yóò sún mọ́ wa gan-an. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ rí Apophis láti Arizona ní Amẹ́ríkà, ìbú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 340. Nǹkan bíi kìlómítà 32,000 péré ni yóò fi jìnnà sí ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn sátẹ́láìtì tẹlifíṣọ̀n wà ní nǹkan bíi 36,000. Ìṣirò àkọ́kọ́ ló dẹ́rù bani, nítorí ó fi hàn pé ó lè kọlù wá. Ṣùgbọ́n ní 2021, NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tún ọ̀nà rẹ̀ wọ̀n dáadáa, wọ́n sì ní ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún ọdún yóò kọjá láìsí ìkọlù.

Ní ti òkun, òṣùpá ló ń fà á sókè sódò lójoojúmọ́. Agbára tí Apophis ní láti fa omi kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ti òṣùpá, bó tilẹ̀ sún mọ́ wa jù ú lọ. Àpáta náà gan-an ni ọ̀rọ̀ kàn: òòfà ilẹ̀ ayé yóò yẹ ọ̀nà tó ń gbà yí oòrùn ká, ó lè yí bó ṣe ń pòòyì padà, ó sì ṣeé ṣe kí òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ nípò. Ohun tí wọ́n rán ọkọ̀ òfuurufú OSIRIS-APEX láti lọ wò nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin
Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Èyí tó fọ́ fèrèsé ní Rọ́ṣíà ńkọ́?

Olùkọ́ Ọ̀fà
Ìyẹn kò kọjá, ó wọlé ni. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, àpáta tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 20 bú gbàmù lójú sánmà Chelyabinsk, àwọn tó farapa, tó pọ̀ jùlọ nípasẹ̀ gíláàsì, sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Lọ́jọ́ kan náà (ẹ wo bó ṣe bọ́ sí i!), òmíràn tó tóbi jù ú lọ kọjá ní nǹkan bíi kìlómítà 27,700, kò sì ṣe ẹnikẹ́ni nílẹ̀ ní nǹkan kan.

Ọmọ Ìlọrin
Jímọ̀ ni ọjọ́ tí Apophis yóò kọjá yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn Ìṣáì, ní nǹkan bíi agogo mẹ́wàá ààbọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́ tiwa, ni yóò sún mọ́ wa jùlọ, ojú lásán ni a ó sì fi rí i bí ìràwọ̀ tó rọra ń rìn, bí ìkúukùu oṣù Kẹrin bá gbà. Ẹni tó bá ń gbé láàárín ìlú yóò ní láti kúrò níbi iná títì.