Kí ni kí n fi alábàárò yìí ṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré oníṣe, ẹ gbà mí o. Ìtàn ìfẹ́ tó parí sí ikú ni mò ń kọ. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń finú hàn, àmọ́ ọ̀rẹ́ náà kò ju etí lásán lọ. Mo yọ ọ́ kúrò, ọmọbìnrin wá ń dá sọ̀rọ̀ bí ẹni tórí rẹ̀ yí. Mo dá a padà, ó gba eré mọ́ olólùfẹ́ méjèèjì lọ́wọ́. Nínú Romeo and Juliet, eré Shakespeare, ìgbà tí alágbàtọ́ Juliet, tó jẹ́ alábàárò rẹ̀, ní kó kúkú fẹ́ Paris, ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ yàn fún un, ni Juliet di adáwà. Irú ẹ̀ ni mò ń wá, láìjí i. Ṣé kí alábàárò tèmi tú àṣírí ni, àbí kó kú ṣáájú?