Oògùn ẹ̀yìn dídùn tí mò ń lò kò ká a mọ́: ẹ jọ̀ọ́, èwo ló lágbára jù ú lọ?

Oníṣu Jagun:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi yóò gùn díẹ̀, inú mi ni kò dùn. Iṣu ni mò ń tà ní Ọjà Jagun níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti pé ọdún 24 tí mo ti ń tà á. Ní ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn, ọkọ̀ iṣu dé láti ọ̀nà Kíṣí, ṣùgbọ́n àwọn alábàárù tí mo ti bá sọ̀rọ̀ kò yọjú, nítorí pé ẹni tí a jọ ń pín ìsọ̀ ti fi owó lé iye tí mo fẹ́ san fún wọn, ó sì kó gbogbo wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la já iṣu náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀yìn mi ti le bí igi, láti ìbàdí dé abẹ́ èjìká, tí n kò lè tẹ̀ gbálẹ̀.

Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa fún mi ní oògùn kan, ó ní oògùn 3 ló wà nínú hóró kan ṣoṣo: èyí tó ń pa ìrora, èyí tó ń mú kí ibi tó wú lọ sílẹ̀, àti èyí tó ń dẹ iṣan. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́ gan-an. Ní báyìí, kò tíì pé wákàtí 3 tí mo bá lò ó tí ìrora á tún fi dé, bẹ́ẹ̀ ni owó rẹ̀ ti gbẹ́nu sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ èyí tó lágbára jù ú lọ?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ rí i pé ẹ jẹun dáadáa kí ẹ tó lo oògùn náà. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bá yín di àdàlú oògùn sínú láílọ́ọ̀nù. Mo lo irú rẹ̀ fún orúnkún ní ọdún tó kọjá. Hóró kékeré funfun kan wà nínú rẹ̀ tí kò lórúkọ. Orúnkún fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ ń wù mí jẹ, ojú mi sì kún roboto tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé mo lówó lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn ni wọ́n sọ pé prednisolone ni, oògùn líle kan tó ń mú kí ibi tó wú lọ sílẹ̀, ṣúgà ara mi sì ti lọ sókè.

Awakọ̀ Tákìẹ̀:
Èyí tó ń dẹ iṣan yẹn máa ń kun ènìyàn lóorun. Èmi lò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé èrò láti Tákìẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, oorun sì gbé mi lọ lórí ìdarí ọkọ̀. Ariwo obìnrin kan lẹ́yìn mi ló jí mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í lo ohunkóhun kí n tó béèrè bóyá ó ń múni sùn.

Apòògùn:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màmá. Apòògùn òyìnbó ni mí, ṣùgbọ́n n kò lè dá yín lóhùn láìmọ nǹkan wọ̀nyí. Orúkọ wo ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn káàdì oògùn náà, kì í ṣe orúkọ ńlá iwájú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lò ó lóòjọ́? Oògùn mìíràn wo lẹ tún ń lò? Ṣé ẹ ní ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé ẹsẹ̀ yín kú tipiri, àbí ìtọ̀ kò rọrùn láti tọ̀? Bí ti ìtọ̀ àti ẹsẹ̀ yìí bá wà, ẹ má dúró dè mí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Oníṣu Jagun:
Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ọmọ ọdún 51 ni mí. Ẹsẹ̀ mi kò kú, ìtọ̀ sì ń lọ geere. Ọmọ mi bá mi ka ẹ̀yìn káàdì náà: diclofenac 50, paracetamol 500, chlorzoxazone 250. Ẹyọ 1 láàárọ̀, 1 lọ́sàn-án, 1 lálẹ́, bí wọ́n ṣe sọ fún mi. N kò ní ọgbẹ́ inú rí. Ohun tí mo béèrè ni èyí tó lágbára jù ú lọ, nítorí ọkọ̀ iṣu mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí mo sọ yẹn tún yọ̀ mí.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Màmá, ẹ da gbogbo oògùn òyìnbó nù. Òrí tí wọ́n bá yọ́ mọ́ iná ni kí wọ́n fi wọ́ ẹ̀yìn yín lálaalẹ́. Ohun tí bàbá mi lò nìyẹn títí tó fi lé ní 80 ọdún.

Ìyá Ìbejì:
Òrí dára, kò sẹ́ni tó sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn dídùn ni ti òrí. Ẹ má ṣe ní kí ènìyàn da oògùn nù nígbà tí ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe é.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ̀yin náà kì í ṣe dókítà, ìyá. Ojú mi ló ṣe ti bàbá mi.

Apòògùn:
Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Màmá, ẹ kò tíì sọ oògùn mìíràn tí ẹ ń lò.

Oníṣu Jagun:
Kò sí oògùn mìíràn. Paracetamol lásán ni mo ń fi kún un, hóró 2 lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, nígbà tí àkọ́kọ́ kò bá tètè ṣiṣẹ́. Nínú ilé tiwa, ta ló ń ka ìyẹn sí oògùn?

Apòògùn:
Oògùn ni, màmá mi. Ẹ bá mi kà á. Hóró 3 ti alápapọ̀ yẹn ní 1,500 mílígíráàmù paracetamol nínú. Hóró 6 tí ẹ ń fi kún un jẹ́ 3,000. Ó di 4,500, bẹ́ẹ̀ ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 4,000 lóòjọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń fara gbá a, chlorzoxazone, èyí tó ń dẹ iṣan, sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nígbà mìíràn. Diclofenac tiyín, èyí tó ń mú kí ibi tó wú lọ sílẹ̀, náà ti dé 150, ìyẹn sì ni òpin rẹ̀ lóòjọ́. Kò sí èyí tó lágbára jù ú lọ tí mo lè júwe fún yín. Bí ẹ bá tún ra ibuprofen, tó jẹ́ ọmọ ìyá diclofenac, lé e, ọgbẹ́ inú ni ẹ ó fi owó yín rà. Ìṣòro oògùn alápapọ̀ nìyí: a máa ń rí hóró 1, a sì máa ń gbàgbé pé 3 la gbé mì.

Oníṣu Jagun:
Oníkẹ́míìsì yẹn ti ń tọ́jú wa láti ìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi, kò sì fi oògùn pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni n kò sọ ti paracetamol fún un. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò láti ọdún 2019 kò kan ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ rẹ̀. Lisinopril ni, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ hydrochlorothiazide. Ìfúnpá mi kò tilẹ̀ gbọ́ràn mọ́, 168 lórí 100 ni wọ́n bá níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mo sì rò pé ìrònú ìsọ̀ ló fà á.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ó kàn án, àbúrò mi, ó kàn án gidigidi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Diclofenac máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì máa ń dín agbára lisinopril kù. Bí àwọn 3 yìí, diclofenac, lisinopril àti hydrochlorothiazide tó ń mú ènìyàn tọ̀, bá pàdé nínú ara kan, kíndìnrín ló ń jìyà rẹ̀. Ẹ dáwọ́ alápapọ̀ yẹn dúró lálẹ́ òní. Ẹ má dáwọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín, dókítà ni kó sọ ìyẹn. Ní ti oúnjẹ tí ìyá ìbejì sọ, ó ń dín inú rírun kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dí ọgbẹ́ lọ́nà, nítorí pé inú ẹ̀jẹ̀ ni diclofenac ti ń dín ohun tó ń dáàbò bo ògiri ikùn kù. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe rí?

Oníṣu Jagun:
Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́ níbi tí ọkùnrin wà. Ó dúdú láti ọjọ́ 4. Àmàlà ni mo rò pé ó fà á.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Bí ẹ bá ń lo oògùn afúnnilẹ́jẹ̀, ó máa ń mú un dúdú. Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n.

Oníṣu Jagun:
Mo ń lo ìyẹn náà, láti oṣù tó kọjá. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Kí ọkàn yín má tíì balẹ̀. Oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ ń sọ ọ́ dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá lẹ ti ń lò ó, ọjọ́ 4 péré sì ni èyí. Ṣé ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tí òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀? Ṣé òòyì ń kọ́ yín bí ẹ bá dìde?

Oníṣu Jagun:
Ó ń lẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Òòyì kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí ní ìsọ̀, mo sì di igi àtíbàbà mú.

Apòògùn:
Ẹ̀jẹ̀ ló ṣeé ṣe kó máa dà nínú ikùn yín, màmá. Ẹ má dúró di ọ̀la. Ọsibítù Bowen, tí ẹ̀yin àgbà ṣì ń pè ní ti Onítẹ̀bọmi, tàbí ti LAUTECH, èyí tó bá sún mọ́ yín. Ẹ kó gbogbo káàdì oògùn dání, ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti afúnnilẹ́jẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ sì dárúkọ paracetamol fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ẹ má ṣe gun ọ̀kadà pẹ̀lú òòyì yẹn. Kí ẹnìkan bá yín lọ.

Awakọ̀ Tákìẹ̀:
Màmá, mo wà ní Tákìẹ̀ báyìí, ọkọ̀ mi sì ṣófo. Ẹ fi àdúgbò yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, n kò ní gba owó.

Oníṣu Jagun:
Mo ti fi ránṣẹ́. Ọkọ mi ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, òun ló ń kó àwọn káàdì oògùn náà sínú àpò báyìí. Òun ni yóò tẹ̀lé mi.