Ẹ gbà mí o: mò ń ka NOUN láti Ìsánlú, dátà fẹ́ pa mí

*Tíṣà Ìsánlú:* Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo ń ka ètò ọrọ̀-ajé ní NOUN, yunifásítì tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé. Sítátísíìkì ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá ti dé ibi probability, ìṣirò bí nǹkan ṣe ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ tó, ojú mi á ṣókùnkùn. Mo bá yà sí YouTube. Fídíò méjì péré, dátà ọ̀sẹ̀ kan ti wọmi! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an, àfi kí n gun òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé wa ní kùtùkùtù. Ṣé kí n kúkú máa lọ sí Lọ́kọ́ja ni?

*Màmá Mopa:* Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má torí fídíò náwó ọkọ̀. Yí fídíò náà sí 144p, ìyẹn àwòrán tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní jẹ dátà púpọ̀.

*Ọmọ Ìyàrà:* 144p kẹ̀, Màmá? Ta ló fẹ́ rí ìṣirò ojú pátákó níbẹ̀? Ìyẹn dára fún ìwàásù o.

*Màmá Mopa:* Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ!

*Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbà:* Ẹ fi fídíò sílẹ̀ ná, Tíṣà. Ìwé ni kí ẹ wá. OpenStax ti Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ní ìwé sítátísíìkì lọ́fẹ̀ẹ́, ní PDF. Ẹ gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá wá nájà ní Kàbà, ẹ ò tún ní náwó dátà lé e lórí mọ́. Ìdáhùn àwọn ìṣirò kan wà níbẹ̀, ẹ lè fi yẹ ara yín wò. Áàpù Kiwix náà wà, ó ń jẹ́ kéèyàn ka Wikipedia láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á tán o, torí odindi ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán máa kún fóònù yín bámúbámú. Èyí tó kéré ni kí ẹ mú.

Ẹ má wá torí ìyẹn pa ìwé kọ́ọ̀sì NOUN tì. Ọgbọ̀n máàkì ni TMA, ìyẹn iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń máàkì, àádọ́rin ni ìdánwò, inú ìwé yẹn ni ìbéèrè ti ń wá. Ìwé òyìnbó wulẹ̀ ń lani lójú ni.

*Tíṣà Ìsánlú:* Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gba ìwé náà lọ́jà àná. Páálí káàdì eré tí wọ́n fi ń ṣàlàyé probability níbẹ̀ kò yé mi, mo bá da ẹ̀pà pupa márùn-ún àti funfun mẹ́ta sínú igbá, mo dijú, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yé mi wàyí! Àmọ́ ọmọ mi ti jẹ méjì nínú ẹ̀pà náà, ìṣirò bá dàrú. Ta ló tún ń ka kọ́ọ̀sì yìí ní Yàgbà, ká jọ máa kà á ní Sátidé?